Lẹ́tà ṣíṣí sí Ìgbìmọ̀ Àwọn Ìjọ àti Ẹgbẹ́ Ẹ̀sìn Ukraine: Ta ni yóò sin ọmọ ìyá àgbà yìí?

Ẹ̀yin àgbà ẹ̀sìn, ẹ̀yin bíṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yin rábì, ẹ̀yin mùfútì, ẹ̀yin pásítọ̀ tí ẹ jọ ń jókòó nínú Ìgbìmọ̀ yìí,

Mo kí yín o. Ẹ kú ojú ogun. Ẹ kú àìsùn. Ẹ kú ọ̀fọ̀ àwọn ọmọ tí ẹ ń sin láìdáwọ́dúró láti ọjọ́ 24, oṣù kejì, ọdún 2022.

Ọmọ Ìbàdàn ni mí. Kharkiv ni mo ti ń kọ́ṣẹ́ dókítà nígbà tí ogun dé, ó ku ọdún kan péré kí n parí. Mi ò ní ilẹ̀ ní Ukraine, mi ò ní ìwé ọmọ ìlú, kò sì sẹ́ni tó rán mi níṣẹ́ lẹ́tà. Ṣùgbọ́n mo ti jẹ iyọ̀ yín. Àwọn àgbà wa sì ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a ò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn lóru. Èdè Yorùbá ni mo fi kọ ọ́, torí òun ni mo fi gbàdúrà nínú àjà ilẹ̀ ní Saltivka, àdúgbò kan ní Kharkiv, àti torí mo fẹ́ kí àwọn ará ilé mi náà gbọ́. Lọ́dọ̀ wa níbí, ìró bọ́ǹbù nìkan ni wọ́n ń gbọ́ nípa yín. Wọn ò mọ ohun tí mo rí láàárín yín, wọn ò sì mọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù báyìí: ìjà tó wà láàárín ìjọ méjì ní Ukraine tí wọ́n jọ jẹ́ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì, ìyẹn ìjọ Kìrìsìtẹ́nì àtijọ́ ti ìlà-oòrùn Yúróòpù.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti inú àjà ilẹ̀ yẹn.

Ọjọ́bọ̀ ni ogun bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ ò tíì mọ́. A sá jáde ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ọmọ Ìlọrin, a sì bá ara wa lábẹ́ ilé alájà mẹ́sàn-án kan, níbi tí àwọn ará ilé ń kó ìgò ọ̀dùnkún àti kẹ̀kẹ́ ọmọdé sí tẹ́lẹ̀. Èèyàn bí ogójì ló wà níbẹ̀. Ìyá àgbà kan wà tí gbogbo wa ń pè ní babusya, bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń pe ìyá àgbà. Ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì tí Mẹtiropólítànì (ìyẹn olórí àwọn bíṣọ́ọ̀bù) Onufriy ń darí ló ń lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣèrìbọmi fún un, ibẹ̀ ló ti ṣègbéyàwó. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kan ṣoṣo wà nínú iṣẹ́ ológun Ukraine, kò sì mọ ibi tí wọ́n rán an lọ. Tátà kan wà, ọmọ ẹ̀yà Mùsùlùmí tó ni Crimea ní gúúsù Ukraine, alápatà ni, tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ti sá kúrò ní Crimea nígbà tí Rọ́ṣíà gba ibẹ̀ ní 2014. Bàbá àti ìyá arúgbó kan wà tí wọ́n jẹ́ Júù. Tọkọtaya ọ̀dọ́ kan láti Ìjọ Onítẹ̀bọmi wà pẹ̀lú ọmọ ọwọ́. Àwọn yòókù ò lọ ṣọ́ọ̀ṣì kankan, ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ bá mì, àwọn náà ń pe Ọlọ́run.

Babusya ti gbé ère Màríà kékeré kan kọ́ sára ògiri kan, ó sì tan àbẹ́là sí i nísàlẹ̀. Ògiri yẹn ló kọjú sí gúúsù. Láti Kharkiv, gúúsù ni Mẹ́kà wà. Nígbà tí àkókò ìrun tó, Tátà yìí dìde, ó wo ògiri, ó wo ère, ó tún jókòó. Kò sọ nǹkan kan. Babusya náà wò ó. Ó dìde, ó yọ ère náà kúrò lára ògiri, ó kó o sábẹ́ aṣọ òtútù rẹ̀, ó sì mi orí sí i. Tátà náà kírun, ọ̀rẹ́ mi ọmọ Ìlọrin tò sẹ́yìn rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n sálámà tán, ìyá náà gbé ère rẹ̀ padà sáyè rẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ tí a fi wà níbẹ̀, bó ṣe ń ṣe nìyẹn ní gbogbo àkókò ìrun. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́, kò sẹ́ni tó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́nà tó gbóná. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, tó jẹ́ alẹ́ Jímọ́ọ̀, ìyá arúgbó Júù náà fẹ́ tan àbẹ́là ọjọ́ ìsinmi wọn, kò sì ní àbẹ́là. Babusya ṣẹ́ tirẹ̀ sí méjì.

Ilé Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ni wọ́n ti bí mi. Alhájì ni bàbá mi, ìyá ìjọ ni ìyá mi. Mo rò pé mo ti mọ gbogbo ohun tó wà nínú kí ẹlẹ́sìn méjì jọ máa gbé. Inú àjà ilẹ̀ yẹn ni mo ti rí i pé mi ò tíì mọ̀ ọ́n rí nígbà tí ikú wà lórí òrùlé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á nílé, ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí mo kọ̀wé sí. Ní oṣù kejìlá ọdún 1996 ni wọ́n dá Ìgbìmọ̀ yìí sílẹ̀. Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì wà nínú rẹ̀, Kátólíìkì ti Róòmù wà níbẹ̀ àti Kátólíìkì Gíríìkì, tó ń tẹ̀lé Póòpù ṣùgbọ́n tí ìsìn rẹ̀ jọ ti Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì, bẹ́ẹ̀ náà ni Onítẹ̀bọmi, Pẹ́ńtíkọ́ọ̀sì, Júù àti Mùsùlùmí. Wọ́n ní nǹkan bí 95 nínú ọgọ́rùn-ún ìjọ ilẹ̀ náà ló ní aṣojú níbẹ̀, àwọn olórí sì ń gba ipò alága lọ́wọ́ ara wọn. Ní ilẹ̀ tí ààrẹ rẹ̀ jẹ́ Júù, tí àwọn Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì sì pọ̀ jù níbẹ̀, kò tíì sí ẹ̀sìn kan tó di ẹ̀sìn ìjọba. Kódà ọmọ Ìjẹ̀bú wa kan, Pásítọ̀ Sunday Adelaja, dá ìjọ sílẹ̀ ní Kyiv lẹ́yìn tí Sófíẹ̀tì tú ká, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Ukraine aláwọ̀ funfun ló sì wọ́ lọ síbẹ̀. Ẹ fojú inú wo Moscow kí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà, mo mọ ẹni tó gbógun tì yín, mi ò sì ní da ọ̀rọ̀ náà rú. Pátíríákì Kirill ti Moscow, olórí Ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì Rọ́ṣíà, ló dúró níwájú pẹpẹ ní oṣù kẹsàn-án 2022 tó ní ológun tó bá kú sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, ikú náà yóò wẹ gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ nù. Ìpàdé ńlá tí òun fúnra rẹ̀ ń darí ló pe ogun yìí ní ogun mímọ́ ní oṣù kẹta 2024. Ilé ìjọsìn tí wọ́n ti fọ́ tàbí bà jẹ́ ti ju 500 lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ti Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì, àwọn tí Moscow ní òun wá gbà là. Ní Odesa, ọjọ́ 23, oṣù keje 2023, rọ́kẹ́ẹ̀tì wọn já òrùlé Kàtídírà Ìparadà, tó jẹ́ ti ìjọ Onufriy gan-an, títí wọ ibi pẹpẹ.

Ìlú tí wọ́n bá gbà ńkọ́? Wọ́n mú àlùfáà Kátólíìkì Gíríìkì méjì, Ivan Levytsky àti Bohdan Geleta, ní Berdiansk ní oṣù kọkànlá 2022, wọn ò sì rí ìta títí di oṣù kẹfà 2024. Wọ́n ti ilẹ̀kùn àwọn ìjọ ajíhìnrere ní Melitopol, wọ́n gba ilé lọ́wọ́ wọn. Àlùfáà Stepan Podolchak, ti Ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì ti Ukraine, ni wọ́n fi àpò bo orí rẹ̀, tí wọ́n gbé lọ ní agbègbè Kherson ní oṣù kejì 2024. Òkú rẹ̀ ni wọ́n rí lẹ́yìn náà. Ní Crimea, ọdún gbọọrọ ni wọ́n ń dá fún àwọn Tátà lẹ́wọ̀n torí pé wọ́n péjọ sọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Ibi tí Moscow bá dé, ohùn kan ṣoṣo ló máa ń ṣẹ́ kù.

Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ̀wé sí yín. Ohun tí wọn ò lè fi rọ́kẹ́ẹ̀tì gbà lọ́wọ́ yín ni pé ohùn yín pọ̀, ó sì ń dún papọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí kí ẹ má lọ fi ọwọ́ ara yín gbé e fún wọn.

Ọ̀rọ̀ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì méjì ni mo ń sọ. Ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ, ṣùgbọ́n àwọn ará ilé mi ò mọ̀ ọ́n. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, abẹ́ Moscow ni Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì Ukraine wà. Ní oṣù kìíní 2019, Pátíríákì tó wà ní Istanbul, tí ipò rẹ̀ ga jù láàárín àwọn olórí Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì, fún ìjọ tuntun kan ní ìwé òmìnira: Ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì ti Ukraine, Mẹtiropólítànì Epiphanius ni olórí rẹ̀. Èyí àtijọ́ dúró sáyè tirẹ̀ lábẹ́ Onufriy. Orúkọ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra, ẹ̀wù àlùfáà wọn kò yàtọ̀, orin kan náà ni wọ́n ń kọ. Ní ọjọ́ tí ogun bẹ̀rẹ̀, Onufriy ní ohun tí Rọ́ṣíà ṣe jọ ẹ̀ṣẹ̀ Kéènì. Ní oṣù karùn-ún 2022, ìjọ rẹ̀ ṣèpàdé, wọ́n ní àwọn ti gba òmìnira lọ́wọ́ Moscow. Ìjọba àti ọ̀pọ̀ aráàlú ní àwọn ò gbà á gbọ́, pé ó kù síbì kan. Àwọn ọlọ́tẹlẹ̀múyẹ́ gbé ẹjọ́ àlùfáà ìjọ náà tó ju 100 lọ síta. Lára wọn ni àwọn tó júwe ibi tí ológun Ukraine wà fún ọ̀tá. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, ikú ọmọ ọlọ́mọ ni.

Ní ọjọ́ 20, oṣù kẹjọ 2024, ilé aṣòfin yín dìbò 265 fún òfin tó ti ilẹ̀kùn mọ́ Ìjọ Rọ́ṣíà ní Ukraine, tó sì gba ilé ẹjọ́ láyè láti tú ìjọ tó bá ṣì so mọ́ ọn ká. Ẹ̀yin náà ti sọ ní gbangba kí wọ́n tó dìbò pé ẹ fara mọ́ èrò òfin náà. Ní oṣù keje 2025, ìjọba gba ìwé ọmọ ìlú lọ́wọ́ Onufriy.

Mi ò bá yín jà lórí òfin náà. Ẹni tí wọ́n ń jù lókò lójoojúmọ́ ní ẹ̀tọ́ láti mọ ẹni tó ń ṣí fèrèsé fún ẹni tó ń ju òkò. Àlùfáà tó bá ṣe amí, ẹ fà á fún adájọ́, kí ẹ̀rí sọ̀rọ̀, kí ó lọ ṣẹ̀wọ̀n rẹ̀. Bí bíṣọ́ọ̀bù kan bá ṣì ń gbàṣẹ ní Moscow, kó lọ bá Moscow. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù wà nísàlẹ̀ òfin, ní abúlé, ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì onígi tí àwọn baba ńlá jọ kọ́.

Òfin tí ilé aṣòfin yín ṣe ní oṣù kìíní 2019 ní bí ìdá méjì nínú mẹ́ta iye ọmọ ìjọ tó gbọ́dọ̀ pé kí ìpàdé tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ bá fọwọ́ sí i, ìjọ lè kúrò lábẹ́ olórí kan bọ́ sábẹ́ òmíràn. Ọ̀rọ̀ náà rọrùn lórí ìwé. Ṣùgbọ́n ta ni ọmọ ìjọ? Ṣé ìyá tó ń wá ní gbogbo ọjọ́ Àìkú láti ogójì ọdún, tó ń nu ilẹ̀, tó ń yọ́ ìda àbẹ́là? Àbí gbogbo ẹni tí wọ́n ṣèrìbọmi fún ní abúlé náà, títí kan ẹni tí kò wá láti ìgbà Àjíǹde ọdún mẹ́ta sẹ́yìn? Ní ọ̀pọ̀ ibi, gbọ̀ngàn abúlé ni wọ́n ti dìbò. Àwọn tó ń wá ṣọ́ọ̀ṣì ní àwọn ò sí níbẹ̀. Àwọn tó dìbò ní ilé gbogbo abúlé ni. Tọ̀tún-tòsì ló ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ìgbà mìíràn, wọ́n fi ìtìjú àti ọ̀rọ̀ tútù yanjú ẹ̀, wọ́n pín àkókò ìsìn, ẹ̀yin fúnra yín mọ irú abúlé bẹ́ẹ̀. Ìgbà mìíràn, irin ni wọ́n fi ń já ìlẹ̀kùn. Ní Cherkasy, ní oṣù kẹwàá 2024, a rí àwọn ọkùnrin tó bo ojú, tí wọ́n ń lu ara wọn nínú ọgbà Kàtídírà Máíkẹ́lì Mímọ́, èéfín tajútajú gba inú ilé àdúrà kan. Èmi wò ó lórí fóònù mi ní Ìbàdàn. Mo ronú pé ní wákàtí kan náà yẹn, àwọn arákùnrin àwọn tó ń lu ara wọn wọ̀nyí wà nínú kòtò kan náà ní Donetsk, wọ́n ń pín omi fún ara wọn.

Ẹ̀yin ọ̀gá mi Kátólíìkì Gíríìkì, kò sẹ́ni tó yẹ kó lè sọ̀rọ̀ yìí bí i tiyín. Ní oṣù kẹta 1946, ìjọba Sófíẹ̀tì kó àwọn àlùfáà yín kan jọ ní Lviv, wọ́n ní kí wọ́n dìbò, wọ́n sì ní ìjọ yín ti pa rẹ́, ó ti wọ inú Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì Rọ́ṣíà. Bíṣọ́ọ̀bù kan tó lè tako wọn kò sí ní ìta, gbogbo wọn ti wà lẹ́wọ̀n. Josyf Slipyj lo ọdún 18 lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó tú u sílẹ̀ ní 1963. Inú igbó àti ilé àdáni ni àwọn èèyàn yín ti ń gba ara Olúwa títí di 1989. Ẹ mọ ohun tó ń ṣe ìyá arúgbó nígbà tí wọ́n bá sọ fún un pé ilé tí wọ́n ti sin ọkọ rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin Tátà, ẹ̀yin mùfútì, ẹ gbà mí láyè. Ní ọjọ́ 18, oṣù karùn-ún 1944, ìjọba Sófíẹ̀tì kó gbogbo yín sínú ọkọ̀ ojú irin màlúù, ó lé ní 180,000 èèyàn, àgbà, aláboyún, ọmọ ọwọ́, wọ́n dà yín sí Uzbekistan àti àwọn ibi jíjìnnà mìíràn. Ẹ̀sùn wo ni wọ́n kà sí yín lọ́rùn? Pé ẹ bá Jámánì ṣe. Àwọn kan bá Jámánì ṣe lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ yẹn gan-an, àwọn ọmọ yín ṣì ń wọ aṣọ ológun Sófíẹ̀tì, wọ́n ń bá Jámánì jà lọ sí Berlin. Wọ́n padà dé pẹ̀lú àmì ẹ̀yẹ láyà, wọn ò bá ìyá nílé. Mi ò sọ pé òfin 2024 àti ìwà Stalin, olórí Sófíẹ̀tì ìgbà náà, dọ́gba o. Òfin tiyín ní ilé ẹjọ́, ó ní àkókò, ó ní ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹ̀yin ni ẹ mọ bó ṣe ń rí nígbà tí wọ́n bá pe ìyá ní ọ̀dàlẹ̀ nígbà tí ọmọ rẹ̀ wà lójú ogun.

Èyí ló kan babusya. Àwọn ọmọ bí i tirẹ̀ kò mọ ní ẹyọ kan. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ìjọ Onufriy ló wà lójú ogun fún Ukraine, àwọn ìyá wọn ń ran nẹ́ẹ̀tì ìfarapamọ́ nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan náà tí wọ́n ń pè ní ti amí.

Ìran yín kì í ṣe ìran ẹni tó ń dákẹ́. Mẹtiropólítànì Andrey Sheptytsky, ní ìgbà tí Jámánì wà nínú Lviv, kọ lẹ́tà sí ìjọ rẹ̀ ní 1942 lórí òfin "Ìwọ kò gbọdọ̀ pànìyàn", nígbà tí àwọn kan nínú ọmọ ìjọ tirẹ̀ wà nínú àwọn tó ń bá Jámánì ṣiṣẹ́. Ó kó àwọn ọmọ Júù pamọ́ sí ilé àwọn mọ́ǹkì, ó fi àwọn kan sínú ilé ara rẹ̀. Arábìnrin àti mọ́ǹkì tó mọ̀ sí i pọ̀, ẹnì kan ò tú àṣírí. Kò dúró dìgbà tí ogun bá tán kó tó ṣe é. Nínú ọdún tó burú jù lọ ló ṣe é, fún àwọn tí kì í ṣe ti ìjọ rẹ̀. Agogo Máíkẹ́lì Mímọ́ ní Kyiv náà ò dúró ní oṣù kejìlá 2013, nígbà tí ọlọ́pàá ń lu àwọn ọ̀dọ́ tó ń fẹ̀hónú hàn ní Maidan, gbàgede àárín ìlú; òru ni wọ́n lù ú, gbogbo ìlú jí.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò le. Nígbà tí ìjà ṣọ́ọ̀ṣì bá bẹ́ sílẹ̀ ní abúlé kan, ẹ má jẹ́ kí ó jẹ́ àwọn ọlọ́pàá ló kọ́kọ́ dé. Ẹ rán mùfútì kan, rábì kan àti pásítọ̀ kan lọ, kí wọ́n jókòó sáàárín. Àwọn Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì méjèèjì kò ní gbọ́ tara wọn, ṣùgbọ́n ó ṣòro fún ẹni tó ti gbé ìbọn nínú kòtò kan náà pẹ̀lú Tátà láti ju òkò lu mùfútì tó wá bá a sọ̀rọ̀ ìlú. Said Ismagilov, tó ti jẹ́ mùfútì, fi láwàní sílẹ̀ ní 2022, ó sì lọ wa ọkọ̀ tó ń gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ kúrò lójú ogun. Ṣé ẹ rò pé abúlé kan wà ní Ukraine tí kò ní fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní àga?

Ẹ sì jẹ́ kí àga àwọn ará Onufriy wà ní tábìlì yín títí ilé ẹjọ́ yóò fi sọ̀rọ̀, kí ó wà fún àwọn ọmọ ìjọ náà lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ bá sọ̀rọ̀ tán pàápàá. Orúkọ lórí ìwé ni ilé ẹjọ́ lè pa rẹ́. Àwọn èèyàn tó ń gbàdúrà yóò ṣì wà láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ẹ̀yin Bàbá Onufriy, mo mọ̀ pé ẹ lè má kà á. Ẹ sọ̀rọ̀ akọ ní ọjọ́ kìíní ogun. Moscow fúnra rẹ̀ ti já àwọn dáyósísì Crimea gbà lọ́wọ́ yín ní oṣù kẹfà 2022, kò bi yín. Kí ló kù tí ẹ ń tọ́jú? Ẹ sọ ọ́ kí ó dún, lọ́rọ̀ tí ìyá tó wà ní abúlé yóò lóye, pé kò sí okùn kankan láàárín ẹ̀yin àti Kirill mọ́. Bí ẹ ṣe ń dákẹ́ jẹ́ẹ́ yìí, àwọn ọmọ ìjọ yín ló ń san gbèsè rẹ̀ lójú ọ̀nà ọjà.

Mo mọ̀ pé Moscow máa ń gbé ìjà ṣọ́ọ̀ṣì yìí ká ayé, wọ́n á ní ẹ wò ó, wọ́n ń ni àwọn Kìrìsìtẹ́nì lára ní Ukraine. Ẹnì kan lè ní lẹ́tà mi yóò fún wọn lọ́rọ̀ sọ. Irin tí wọ́n fi já ìlẹ̀kùn ló fún wọn lọ́rọ̀ sọ, kì í ṣe lẹ́tà mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára tó báyìí. Mùsùlùmí ni bàbá bàbá mi, ṣùgbọ́n ní ọdún mẹ́fà tó kẹ́yìn ayé wọn, ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń bá ìyá mi àgbà lọ. Nígbà tí wọ́n kú, àwọn ọmọ wọn pín sí méjì lórí òkú. Àwọn kan ti gbẹ́ ilẹ̀ sẹ́yìnkùlé, wọ́n ní kí wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Àwọn kan ti gbé pósí dé, wọ́n ní ìsìn ọjọ́ Sátidé. Òkú wà nínú yàrá, ariwo wà ní pálọ̀. Ọdún mọ́kànlá ni àwọn àǹtí mi méjì ò fi kí ara wọn lẹ́yìn ọjọ́ náà. Kò sẹ́ni tó ń ju bọ́ǹbù lù wọ́n o. Ìlú tòrò.

Ọmọ babusya kú ní 2024, nítòsí Vovchansk. Ìyá náà ló pè mí, èmi tí kò lè rí ọ̀nà wá. Ó ní wọ́n gbé òkú dé, àlùfáà tirẹ̀, tó ti mọ ọmọ náà láti kékeré, dúró lápá kan sàréè. Àlùfáà kejì, láti ìjọ Epiphanius, tí àwọn ológun mú wá, dúró lápá kejì. Ẹnìkìíní ní òun ò lè bá ẹnìkejì gbàdúrà. Ẹnìkejì ní òun ò ní jẹ́ kí ẹni ìjọ yẹn sin ológun. Wọ́n ní kí ìyá mú ọ̀kan. Ó ní ojú òun ń wo pósí, òun ò mọ èyí tí òun ì bá mú. Wákàtí kan ààbọ̀ ni wọ́n fi dúró. Àwọn ọmọ ogun ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bú sẹ́kún.

Tátà alápatà náà wà níbẹ̀. Òun ló wa ìyá náà dé. Babusya ní ọkùnrin náà bọ́ fìlà rẹ̀, ó rìn wá síwájú láàárín àwọn àlùfáà méjèèjì, ó mú ṣọ́bìrì, ó sì bi òun ní ohùn jẹ́jẹ́ pé, "Babusya, ṣé kí n bẹ̀rẹ̀?"

Ó ní òun mi orí sí i.

Èmi ni,
akẹ́kọ̀ọ́ yín àtijọ́ ní Kharkiv,
láti Ìbàdàn.